Bí Iná Bá Dé Nígbà Tí Ọwọ́ Ṣì Wà Nínú Ẹ̀rọ: Ìkìlọ̀ fún Ẹ̀yin Tó Ń Fi Arduino Darí Ẹ̀rọ

Ẹ̀yin èèyàn wa ní Anoumabo, ẹ jẹ́ ká fojú inú wo nǹkan kan. Ẹ̀rọ tó ń rin ẹ̀gẹ́ ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, iná mọ̀nàmọ́ná CIE sì lọ lójijì. Gbogbo nǹkan dákẹ́. Ẹ̀gẹ́ ti há sí ẹnu ẹ̀rọ náà, obìnrin tó wà nídìí rẹ̀ sì ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ láti yọ ọ́, torí ojú rẹ̀ ni ẹ̀rọ náà ṣe kú. Lẹ́yìn náà, iná padà dé. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ tí oníṣẹ́ iná tó mọṣẹ́ so wáyà rẹ̀ ni, kò ní mira títí ẹnìkan yóò fi tẹ bọ́tìnnì àwọ̀ ewé. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ bọ́ọ̀dù kékeré kan tí ọmọ àdúgbò so mọ́ ọn láàárín ọjọ́ méjì ló ń darí rẹ̀, bọ́ọ̀dù yẹn á jí, á bẹ̀rẹ̀ ètò inú rẹ̀ láti ìlà àkọ́kọ́, ìlà àkọ́kọ́ sì lè jẹ́ àṣẹ pé kí mọ́tọ̀ máa yí. Bọ́ọ̀dù kò mọ̀ pé ọwọ́ wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ.

Nítorí ọwọ́ yẹn ni mo ṣe kọ ìkìlọ̀ yìí. Mo kọ ọ́ sí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ṣe bọ́ọ̀dù, sí ẹ̀yin oníṣẹ́ iná, sí ẹ̀yin ìyá wa tó ni ẹ̀rọ, àti sí ẹ̀yin ọ̀gá ilé búrẹ́dì, ilé káfíńtà àti ilé ìlọta tó ń san owó iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀: ẹ jẹ́ kí bọ́ọ̀dù máa bá ẹ̀rọ ronú, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi dídá ẹ̀rọ dúró sọ́wọ́ rẹ̀ nìkan. Inú wáyà ni ìdádúró gbọ́dọ̀ wà, kì í ṣe inú ètò kọ̀ǹpútà.

Àwọn tó wà lókèèrè mọ Anoumabo nítorí FEMUA, àjọ̀dún orin tí ẹgbẹ́ Magic System bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2008. Ẹni tó ń rìn ín lójoojúmọ́ mọ̀ ọ́n sí abúlé Ébrié tí ìlú ńlá ti yí ká, nínú Marcory ní Abidjan, níbi tí Zone 4 àti àwọn ilé iṣẹ́ Koumassi kò ti jìnnà. Ẹ̀yà Ébrié wà lára àwọn tó ni iṣẹ́ attiéké, oúnjẹ tí wọ́n ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe, iṣẹ́ tí UNESCO kọ sínú ìwé àjogúnbá aráyé ní oṣù Kejìlá ọdún 2024. Orúkọ ńlá lèyí, àmọ́ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe é ṣì ń gba ẹnu ẹ̀rọ tó ń rin ín àti abẹ́ ẹ̀rọ tó ń fún un kọjá, ọwọ́ obìnrin ló sì ń kó o síbẹ̀. Ọmọ Èjìgbò tó gba Cotonou àti Lomé wá sí Abidjan mọ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ láti ilé, nídìí gàrí. Kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kò kàn.

Èmi kò lòdì sí bọ́ọ̀dù wọ̀nyí. Ìlú Ivrea nílẹ̀ Ítálì ni wọ́n ti bí Arduino lọ́dún 2005, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kì í ṣe ẹnjiníà, kí wọ́n lè fi owó díẹ̀ mú ohun tí wọ́n rò lọ́kàn jáde. Àwọn tó ṣe é fi àwòrán rẹ̀ àti ètò rẹ̀ sílẹ̀ ní gbangba, kí ẹnikẹ́ni lè wò ó, kí ó tún un ṣe, kí ó sì tà á. Ohun tí à ń pè ní open source nìyẹn, òun ló sì jẹ́ kí ẹ̀dà rẹ̀ kún ọjà ní owó pọ́ọ́kú. Ní Abobo, ilé ìkọ́ṣẹ́ tó ń jẹ́ BabyLab ń kọ́ àwọn ọmọdé ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ. Ní Lomé, WoeLab ni wọ́n ti fi àlòkù kọ̀ǹpútà ṣe W.Afate, ẹ̀rọ ìtẹ̀ oníhà mẹ́ta, lọ́dún 2013. Ìmọ̀ ti wọ ilé tálákà. Ẹni tó bá ní ká tì í jáde kò fẹ́ràn wa. Ohun tí mo fẹ́ ni kí ìmọ̀ náà má gba ìka lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ibi tí ewu wà

Ewu kìíní ni pé bọ́ọ̀dù tí wọ́n ṣe fún tábìlì ìkẹ́kọ̀ọ́ kò ní ara tí a fi ń gbé ilé iṣẹ́. Ẹ wo Arduino Uno R3. Ọpọlọ rẹ̀, tó ń jẹ́ ATmega328P, fọ́ltì 5 ló ń lò. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan kò gbọ́dọ̀ gbé ju mílíámpíà 40 lọ, gbogbo wọn lápapọ̀ kò sì gbọ́dọ̀ ju 200 lọ. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tọ̀ fọ́ltì 400, tó jẹ́ pé bó bá ń gbéra, iná tó ń fà lè tó ìlọ́po márùn-ún sí méje èyí tó ń lò nígbà tó bá ti ń yí dáadáa. Nígbà tí wọ́n bá já iná kúrò lára irú mọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀, iná inú rẹ̀ á ta bí okùn tó nà tó wá já, á sì ta bá wáyà bọ́ọ̀dù tó wà nítòsí. Níbi tí àṣẹ kò ti ju fọ́ltì 5 lọ, ìtapá kékeré ti tó láti jọ àṣẹ. Bọ́ọ̀dù lè rò pé ẹnìkan tẹ bọ́tìnnì. Ó lè kú, kó sì tún ara rẹ̀ jí. Èyí tó burú jù ni kó dì gbagidi bó ṣe wà: bó bá jẹ́ pé mọ́tọ̀ ń yí nígbà tó dì, yíyí náà ni yóò máa yí, bọ́tìnnì ìdádúró tó gba inú bọ́ọ̀dù kọjá kò sì ní já mọ́ nǹkan kan.

Ìdáàbòbò kúrò lọ́wọ́ irú ewu yìí ni à ń san owó lé lórí PLC, kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní automate ní Abidjan. Láti ìparí àwọn ọdún 1960, tí Dick Morley àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe Modicon fún General Motors ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti ní lọ́kàn. Fọ́ltì 24 ló sábà máa ń lò, nítorí náà ìtapá kékeré kò lè tàn án jẹ. Wọ́n ya iná òde sọ́tọ̀ kúrò lára ọpọlọ inú. Wọ́n dán an wò nínú ooru, gbígbọ̀n àti ìtapá iná, bí ìlànà IEC 61131-2 ti là á sílẹ̀. Àwọn Arduino gan-an mọ ìyàtọ̀ yìí. Nígbà tí wọ́n fẹ́ wọ ilé iṣẹ́, Uno kọ́ ni wọ́n gbé wọ̀ ọ́. Wọ́n ṣe Opta lọ́dún 2022 pẹ̀lú ilé iṣẹ́ Finder, èyí tó ń gba fọ́ltì 24 tó sì wà nínú àpótí tirẹ̀. Bí ẹni tó bí ọmọ bá ra bàtà fún un kó tó lọ sóko, kí ló dé tí àwa fẹ́ kó fi ẹsẹ̀ lásán wọ ẹ̀gún?

Ewu kejì ni relay aláwọ̀ búlúù tí gbogbo ọ̀dọ́ mọ̀, ìyẹn swíìṣì kékeré tí bọ́ọ̀dù ń darí. Wọ́n kọ ámpíà 10 sí i lára, ẹni tó bá kà á á sì rò pé ó tó. Ó tó fún gílóòbù. Bí mọ́tọ̀ bá fa iná ìgbéra rẹ̀ gba inú rẹ̀ lójoojúmọ́, irin kékeré inú rẹ̀ á yọ́, á sì lẹ̀ pọ̀. Láti ọjọ́ náà, bọ́ọ̀dù lè máa sọ pé "dúró", relay kò ní lè jáwọ́. Òmíràn tún wà níbẹ̀: púpọ̀ nínú relay wọ̀nyí, ìgbà tí ẹsẹ̀ bọ́ọ̀dù bá wà ní òdo ni wọ́n ń tan. Bí ẹni tó kọ ètò bá sọ ẹsẹ̀ náà di ọ̀nà àbájáde kó tó gbé e sókè, relay lè tan fún ìṣẹ́jú àáyá kékeré kan nígbàkígbà tí iná bá dé. Mọ́tọ̀ ńlá kò nílò ju ìyẹn lọ láti fa aṣọ èèyàn wọlé.

Ewu kẹta wà nínú ètò fúnra rẹ̀, kì í sì í hàn lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Lórí Uno yẹn, àpótí nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní int kò lè ka ju 32,767 lọ. Bó bá kọjá ibẹ̀, á ṣubú sínú nọ́ńbà òdì. Ká sọ pé ọ̀dọ́ kan fi í ka ìṣẹ́jú àáyá tí ẹ̀rọ ti fi ṣiṣẹ́. Wákàtí mẹ́sàn-án àti ìṣẹ́jú mẹ́fà ni àpótí náà á gbà kó tó kún. Ó dán an wò fún wákàtí méjì, ó rí i pé ó dára, ó gba owó rẹ̀, ó lọ. Ẹ̀rọ tí wọ́n tan ní aago méje òwúrọ̀ á ṣìwà hù ní aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, nígbà tó ti rẹ gbogbo èèyàn. Aago inú bọ́ọ̀dù tí wọ́n ń pè ní millis, tí àpótí rẹ̀ tóbi ju int lọ, náà ń padà sí òdo lẹ́yìn nǹkan bí ọjọ́ 49 àti wákàtí 17. Ẹni tí kò bá mọ èyí á sọ pé ayé ló ń ṣe ẹ̀rọ òun.

Ẹ má ṣe rò pé àwọn ọmọ kékeré nìkan ló ń ṣe irú àṣìṣe yìí. Láàárín ọdún 1985 sí 1987, ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ Therac-25, tí wọ́n fi ń tọ́jú àrùn jẹjẹrẹ ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, da ìtànṣán tó pọ̀ kọjá ààlà lu èèyàn mẹ́fà, àwọn kan sì kú nínú wọn. Èyí tó ṣáájú rẹ̀, Therac-20, ní ìdènà tó dá dúró nínú irin àti wáyà. Nígbà tí wọ́n ń ṣe Therac-25, wọ́n yọ ìdènà yẹn kúrò, wọ́n sì gbé iṣẹ́ rẹ̀ lé ètò kọ̀ǹpútà lọ́wọ́. Nínú ètò náà, àpótí nọ́ńbà kékeré kan wà tó ń padà sí òdo lẹ́ẹ̀kan nínú ìgbà 256, bó bá sì ti wà ní òdo, ètò náà á fo àyẹ̀wò kan dá. Bí àwọn ẹnjiníà tó ń ṣe ẹ̀rọ ilé ìwòsàn bá lè ṣe èyí, kí ni yóò dá wa lójú nínú ètò tí a kọ láàárín òru méjì? Àṣìṣe yóò máa wà nínú ètò. Ìdènà tó wà nínú wáyà ni kì í jẹ́ kí àṣìṣe náà di òkú.

Ewu kẹrin ni ti àwọn ẹ̀rọ tó ń gbóná: ààrò búrẹ́dì, ẹ̀rọ tó ń gbẹ attiéké, ẹ̀rọ tó ń pa ẹyin. Sẹ́ńsọ̀ kékeré ló ń sọ fún bọ́ọ̀dù bí ooru ṣe tó. Bí sẹ́ńsọ̀ náà bá bọ́ kúrò nípò rẹ̀, tó ń wọn afẹ́fẹ́ ìta, bọ́ọ̀dù á rò pé ààrò tutù, á sì máa dá iná sí i. Àwọn tó ń lo ẹ̀rọ ìtẹ̀ oníhà mẹ́ta mọ ìṣòro yìí dáadáa, òun ló sì fà á tí Marlin, ètò open source tí púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ náà ń lò, fi ní ìlànà kan nínú: bí mo bá ń fi iná sí i tí ooru kò sì gòkè láàárín àkókò kan, mo pa gbogbo rẹ̀. Ọgbọ́n gidi ni, ẹ sì gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú ètò yín. Síbẹ̀, bí relay bá ti lẹ̀ pọ̀, ọgbọ́n yẹn kò lè pa nǹkan kan.

Ìlànà tó yẹ kí gbogbo ẹ̀rọ tẹ̀ lé

Ohun tí àwọn àgbà oníṣẹ́ iná ti ń ṣe kí Arduino tó dé ni ìdáàbòbò wa. Wọ́n ń lo contactor, swíìṣì ńlá tó ń tan mọ́tọ̀ tó sì ń pa á. Bí o bá tẹ bọ́tìnnì àwọ̀ ewé, contactor á fà pọ̀, á sì fi ẹnu kékeré kan lára rẹ̀ di ara rẹ̀ mú. Bí iná bá lọ, á jáwọ́. Bí iná bá dé, á wà ní ìjókòó, á máa dúró de ọwọ́ èèyàn. Ó rọrùn, kò ní ètò kankan nínú, nítorí náà kò sí ohun tó lè gbàgbé. Gbogbo wa rántí délestage ọdún 2021, nígbà tí omi dín nínú àwọn ìsédò, tí ẹ̀rọ kan sì bàjẹ́ ní Azito: iná ń lọ, ó ń bọ̀. Contactor tí wọ́n so báyìí kò ní ká èèyàn mọ́ lójijì ní irú àkókò bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ fi bọ́ọ̀dù kún un, ibi tí ẹ máa fi sí nìyí. Kí iná kékeré tó ń fa contactor pọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ jẹ́ kó gba inú àwọn wọ̀nyí kọjá ní ìlà kan ṣoṣo, bí ìlẹ̀kẹ̀ lórí okùn: bọ́tìnnì pupa tí wọ́n ń pè ní arrêt d'urgence, relay ooru tó ń dáàbò bo mọ́tọ̀, ẹnu kékeré tó wà lára ìbòrí ẹ̀rọ, tó ń já bí ẹnìkan bá ṣí i, lẹ́yìn wọn, relay bọ́ọ̀dù. Bí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn bá já, contactor á jáwọ́. Ní ọ̀nà yìí, bọ́ọ̀dù lè sọ pé "rárá" nígbàkígbà, ṣùgbọ́n kò lè dá sọ pé "ó yá". Bó tilẹ̀ dì, bó tilẹ̀ ṣì nọ́ńbà kà, bọ́tìnnì pupa ṣì lágbára jù ú lọ.

Ẹ fi àwọn wọ̀nyí kún un:

Èkíní, kí bọ́tìnnì pupa jẹ́ irú èyí tó ń dúró sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, tí a ní láti yí kó tó padà. Títú u sílẹ̀ kò gbọ́dọ̀ gbé ẹ̀rọ. Ó kàn gbọ́dọ̀ fún wa láyè láti tẹ bọ́tìnnì àwọ̀ ewé ni. Kí ó sì jẹ́ ẹnu tó wà ní pípadé, tó ń já nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́, kó lè jẹ́ pé bí eku bá jẹ wáyà rẹ̀, ńṣe ni ẹ̀rọ á dúró.

Èkejì, ẹ má jẹ́ kí iná mọ́tọ̀ gba inú relay búlúù. Kí relay búlúù darí contactor, kí contactor sì darí mọ́tọ̀. Bí contactor rẹ bá jẹ́ ti fọ́ltì 24, ó tún dára sí i fún ọwọ́ ẹni tó ń tún un ṣe.

Ẹ̀kẹta, ẹ ya wáyà bọ́ọ̀dù sọ́tọ̀ kúrò lára wáyà mọ́tọ̀. Ẹ fún bọ́ọ̀dù ní orísun iná tirẹ̀, kí ẹ sì fi àpótí tó pa dé bò ó. Afẹ́fẹ́ ọ̀sà ní iyọ̀ nínú, omi ẹ̀gẹ́ sì kan. Wáyà elẹ́nu ṣóńṣó tí wọ́n fi ń kọ́ṣẹ́ lórí tábìlì á dípẹtà tàbí kó gbọ̀n yọ láàárín oṣù mélòó kan. Ẹ lo ẹnu oníṣukúrù.

Ẹ̀kẹrin, ẹ tan watchdog inú bọ́ọ̀dù, ìyẹn aago ìṣọ́ tó ń jí i bó bá dì. Ti ATmega328P lè dúró tó ìṣẹ́jú àáyá 8. Kí ìlà àkọ́kọ́ nínú ètò yín sì jẹ́ pípa gbogbo relay, kó tó di ohunkóhun mìíràn.

Ẹ̀karùn-ún, gbogbo ohun tó ń gbóná gbọ́dọ̀ ní ẹ̀ṣọ́ ooru kejì tí kò mọ bọ́ọ̀dù rí, tó ń já iná fúnra rẹ̀ bí ooru bá kọjá ibi tó yẹ.

Ibì kan sì wà tí mo bẹ̀ yín kí ẹ má ṣe gbé bọ́ọ̀dù ìkẹ́kọ̀ọ́ dé rárá láìsí ẹnjiníà tó kọ́ nípa ààbò ẹ̀rọ: ẹ̀rọ tó ń tẹ irin, ẹ̀rọ tó ń gé pákó, ẹ̀rọ tó ń gbé ẹrù sókè, àti ìkòkò tó ń se omi di oruku tó lágbára. Àṣìṣe kan ṣoṣo ló ń fẹ́ níbẹ̀.

Ìbéèrè tó yẹ kí ẹni tó ń sanwó béèrè

Ẹ̀yin ìyá wa àti ẹ̀yin ọ̀gá, kò dìgbà tí ẹ bá mọ ètò kọ̀ǹpútà kí ẹ tó mọ̀ bóyá iṣẹ́ dára. Kí ẹ tó san ìyókù owó, ẹ ní kí ọ̀dọ́ náà ṣe nǹkan márùn-ún lójú yín, nígbà tí ẹ̀rọ ṣófo tí gbogbo èèyàn sì dúró lókèèrè. Kó pa iná gbogbogbòò nígbà tí ẹ̀rọ ń yí, kó sì tan án padà. Kó fa wáyà sẹ́ńsọ̀ yọ. Kó fa iná bọ́ọ̀dù yọ. Kó tẹ bọ́tìnnì pupa, kó sì tú u. Kó ṣí ìbòrí ẹ̀rọ. Nínú gbogbo márààrún, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ dúró, kó má sì gbéra mọ́ títí ẹnìkan yóò fi tẹ bọ́tìnnì àwọ̀ ewé. Bí ọ̀kan bá kùnà, iṣẹ́ kò tíì parí. Kì í ṣe ìwà ìkà láti sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ẹ̀kọ́ tí yóò fi jẹun títí ayé ni ẹ fún un.

Ẹ gba àwòrán wáyà àti ẹ̀dà ètò náà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ fi wọ́n pa mọ́. Àǹfààní open source ni pé ẹlòmíràn lè kà á, kó sì tún un ṣe. Bí ọ̀dọ́ náà bá lọ sí Bouaké tàbí sí Èkó tí kò sì fi nǹkan kan sílẹ̀, àǹfààní yẹn ti bá a lọ. Kí gbogbo òṣìṣẹ́ sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ "dúró" tó hàn lójú ẹ̀rọ kì í ṣe àṣẹ láti ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀. Ẹ pa iná gbogbogbòò, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ tì í, kí kọ́kọ́rọ́ náà wà nínú àpò ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń wọnú ẹ̀rọ.

Ẹ rántí ohun tó ń tẹ̀ lé ìjàmbá. CNPS, àjọ tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́, ló ń gbọ́ bùkátà òṣìṣẹ́ tí wọ́n ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tí wọn kò forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù etí ọ̀nà, ẹbí rẹ̀ ni yóò ru ẹrù náà. Ìka tó gé kì í tún hù, owó tí a dín kù lórí contactor àti bọ́tìnnì pupa kò sì lè ra òmíràn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ọwọ́ yín gún régé, ẹ má jẹ́ kí ìkìlọ̀ yìí kó ìrẹ̀wẹ̀sì bá yín. Ẹ lọ jókòó ti àgbà oníṣẹ́ iná kan fún oṣù mélòó kan. Ó mọ contactor, ẹ mọ ètò. Iṣẹ́ tí ẹ bá jọ ṣe yóò dára ju èyí tí ẹnikẹ́ni nínú yín lè dá ṣe.

Ẹ̀yin tí ẹ̀rọ yín ti ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú bọ́ọ̀dù báyìí, ẹ má dúró di ọ̀la. Kí ẹ tó ti ilé iṣẹ́ lálẹ́ òní, nígbà tí ẹ̀rọ ṣófo tí kò sí ẹni nítòsí, ẹ jẹ́ kó máa yí, ẹ pa iná gbogbogbòò, ẹ ka ọgbọ̀n, kí ẹ sì tan án padà. Bó bá dákẹ́, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó so wáyà rẹ̀. Bó bá gbéra fúnra rẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án lówùúrọ̀. Ẹ pe ẹni tó ṣe é, kí ó sì fi bọ́tìnnì àwọ̀ ewé padà sí abẹ́ ọwọ́ èèyàn, níbi tó yẹ kó wà látilẹ̀wá.